Ohun Tí Káàdì Aboyún Kọ́ Mi

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìbàdàn ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí obìnrin bá wá forúkọ oyún sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, káàdì la ó kọ́kọ́ fà yọ. Lẹ́yìn orúkọ, ọjọ́ orí àti iṣẹ́ ọwọ́, ìbéèrè mẹ́ta wà níbẹ̀ tí kò ṣeé fò: Oyún mélòó lẹ ti ní? Ọmọ mélòó lẹ bí? Mélòó ló wà láàyè? Àwọn àgbà nọ́ọ̀sì tí mo bá lẹ́nu iṣẹ́ ló kọ́ mi pé kí n rọra béèrè, nítorí a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Òótọ́ sì ni. Ọ̀pọ̀ obìnrin kì í dárúkọ iye kankan. "Wọ́n pọ̀, Nọ́ọ̀sì, a dúpẹ́." Òmíràn á ní, "Àwọn tó wà nílé tó mi í wò." Ó di ìgbà tí mo bá fi ọ̀rọ̀ ọjà dá a lára yá kí ó tó dárúkọ àwọn ọmọ náà fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi á sì máa fi ìka kà wọ́n lábẹ́ tábìlì.

Inú àwọn ìdáhùn wọ̀nyẹn ni mo ti rí bí ìdílé wa ṣe ń yí padà, kí n tó mọ̀ pé àwọn ọ̀mọ̀wé kan wà tí iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa ṣírò rẹ̀.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àlàfo tó wà láàárín ìdáhùn kejì àti ìkẹta ló máa ń bà mí nínú jẹ́. Mẹ́jọ, márùn-ún. Méje, mẹ́rin. Mẹ́wàá, mẹ́fà. Ìgbẹ́ gbuuru gbé òmíràn lọ, ibà gbé òmíràn, inárun wọ àdúgbò, ó sì kan ilé mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìyá kò bá tiẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀, orúkọ àwọn ọmọ tó ṣẹ́kù ń bá a sọ ọ́: Dúrójayé, Málọmọ́, Kòkúmọ́, Bánjókòó. Ìyá tèmi náà, ní abúlé kòkó lẹ́bàá Òǹdó, bí ju àwa tí a mọ ara wa lọ. Àwọn kan wà tí n kò rí rí, a kì í sì í dárúkọ wọn nínú ilé.

Ẹ wá wo irú obìnrin bẹ́ẹ̀, kí wọ́n gbé pósítà lé mi lọ́wọ́ kí n lọ sọ fún un pé kó má bímọ púpọ̀ mọ́. Ní 1988, ìjọba àpapọ̀ gbé ètò kan jáde lórí iye ènìyàn, wọ́n sì gba obìnrin níyànjú pé kó má bí ju ọmọ mẹ́rin lọ. A ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ìyá lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára nígbà tí ìyá ẹlẹ́kọ kan dìde, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, bí méjì bá kú nínú mẹ́rin náà, ṣé ìjọba ló máa dá wọn padà fún mi?" Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Òmíràn tún gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Mẹ́rin fún obìnrin kan. Ọkọ mi ní ìyàwó mẹ́ta. Mélòó wá ni tirẹ̀?" Ìbéèrè méjèèjì ló tọ́, n kò sì rí ìdáhùn kankan nínú ìwé tí wọ́n kó fún wa.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára àti omi oníyọ̀ ló dá ìyá ẹlẹ́kọ lóhùn nígbà tó yá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, dókítà àwọn ọmọdé, di mínísítà ètò ìlera ní 1985. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ìlera lásìkò náà kò lè gbàgbé rẹ̀. Ètò ìlera alábọ́ọ́dé wọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀, a ń gbé abẹ́rẹ́ tọ ọmọ lọ sí àdúgbò, a sì ń kọ́ ìyá kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń po omi, iyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń yọ lẹ́nu. Mo kọ́ wọn lábẹ́ igi, mo kọ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo kọ́ wọn níwájú mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Díẹ̀díẹ̀, ìdáhùn kejì àti ìkẹta lórí káàdì bẹ̀rẹ̀ sí í súnmọ́ ara wọn. Mẹ́fà, mẹ́fà. Márùn-ún, márùn-ún. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni ìdáhùn kejì fúnra rẹ̀ tó wá ń wálẹ̀. Ó pẹ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ìyá ní láti rí i pé tirẹ̀ dúró, ti àbúrò rẹ̀ dúró, ti ojúlé kejì náà dúró, kí ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀.

Ohun tí mo ń rí lórí tábìlì mi wà nínú ìṣirò orílẹ̀-èdè pẹ̀lú. Nínú ìwádìí ilé-dé-ilé ti 1990, obìnrin Nàìjíríà ń bí ọmọ mẹ́fà ní ìpíndọ́gba. Ó di 5.3 nínú ti 2018, ó sì di 4.8 nínú ti 2023 sí 2024. Láàárín àkókò kan náà, iye ọmọ tó ń kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún kúrò ní nǹkan bí 190 nínú 1000, ó sọ̀kalẹ̀ sí 110. Ìwádìí ti 2018 tún ya iye ọmọ tí obìnrin ń bí sọ́tọ̀ ní ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀: Èkó ló kéré jù, 3.4; Katsina ló pọ̀ jù, 7.3. Nínú ìwádìí kan náà, ọmọ 62 nínú 1000 ló ń kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún ní ẹkùn Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn, ó sì jẹ́ 187 ní Àríwá-Ìwọ̀-Oòrùn, níbi tí Katsina wà. Mo máa ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn wa ń bú ìyá Katsina pé ó ń bímọ bí ẹni tí kò ronú. Kí wọ́n gbé iye méjèèjì yìí síra wọn kí wọ́n tó lanu. Obìnrin yẹn ń ronú gan-an ni. Ohun tí ìyá mi rò lóko kòkó ni òun náà ń rò.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ikú nìkan kọ́. Bàbá mi lóko kòkó, ọmọ ọdún méje ti lè pọnmi tí wọ́n fi ń fọ́n oògùn, ọmọ ọdún mẹ́wàá ti lè bá wọn ká kòkó, kó fọ́ ọ, kó sì sá a. Bí ọmọ bá ṣe pọ̀ tó ni oko ṣe ń gbòòrò tó. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, ó sì dé abúlé wa. Ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó wà ní kíláàsì kò sí lóko mọ́. Aṣọ iléèwé wà níbẹ̀, ìwé wà níbẹ̀, ọmọ tó bá sì ṣe dáadáa á fẹ́ lọ sí girama, owó girama kì í ṣe ọ̀fẹ́ nígbà náà. Bàbá mi ta kòkó kí èmi tó lè kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Òun tó rò pé ọmọ ni yóò máa bọ́ òun, òun ló wá ń bọ́ ọmọ títí ọmọ fi pé ogún ọdún.

Ọ̀mọ̀wé ará Ọsirélíà kan, John Caldwell, wá ṣe ìwádìí láàárín àwa Yorùbá ní àwọn ọdún 1970, Ìbàdàn wà lára ibi tó ti ṣe é. Ohun tó kọ jáde ní 1976 ni àwọn onímọ̀ káàkiri ayé ṣì ń jiyàn lé lórí. Ó ní níbi tí ọrọ̀ bá ti ń ti ọ̀dọ̀ ọmọ lọ sọ́dọ̀ òbí, ọgbọ́n ni kí ènìyàn bí púpọ̀. Ọjọ́ tí ọrọ̀ bá yíjú padà, tó ń ti ọ̀dọ̀ òbí lọ sọ́dọ̀ ọmọ, ìdílé á bẹ̀rẹ̀ sí í kéré, ẹ̀kọ́ fún gbogbo ọmọ ló sì sábà máa ń yí i lójú padà. Nígbà tí olùkọ́ kan ṣàlàyé èyí fún wa níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ara mi bù máṣọ. Ọ̀rọ̀ bàbá mi ló ń sọ láìmọ bàbá mi. Inú mi sì dùn pé lára wa ni ayé ti kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn.

Lẹ́yìn 1986, nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé tí náírà ń já wálẹ̀, ojú ọrọ̀ náà yí padà pátápátá nílé ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kò sí pósítà tó lè ṣe ohun tí owó iléèwé ṣe láàárín ọdún wọ̀nyẹn. Àwọn obìnrin tí a máa ń bẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá ń fẹsẹ̀ ara wọn rìn wá. "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi dá a dúró, owó iléèwé ò jẹ́ ká mí." Abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta ni púpọ̀ wọn fẹ́, nítorí kò sí ohun tí ọkọ máa rí. Àwọn kan máa ń fi káàdì wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi kí ìyá ọkọ má bàa bá a nínú àpótí. Mo ti rí obìnrin tó sọ nílé pé ọjà Bódìjà lòun ń lọ, tó wá gba abẹ́rẹ́, tó sì gba ọjà padà lọ ra ẹ̀wà kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè bá ara mu. Mo tún rí ọkọ tó mú ìyàwó rẹ̀ wá fúnra rẹ̀, tó jókòó tì í, tó sì ń bi mí ní ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání. Àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ó sì yẹ kí a máa sọ ọ́.

Àsìkò yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìbéèrè kẹrin tí kò sí lórí káàdì: Mélòó lẹ fẹ́? Ẹ̀yìn káàdì ni mo máa ń fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sí. Ó ya àwọn kan lẹ́nu débi pé wọn kò lè dáhùn, nítorí kò sí ẹni tó bi wọ́n rí, ọkọ kò bi wọ́n, ìjọba kò bi wọ́n. Láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé ibi tó yẹ kí gbogbo ọ̀rọ̀ iye ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Kí n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀ pé fífi àlàfo sáàárín ọmọ kì í ṣe nǹkan tí òyìnbó kó wá fún wa. Àwọn ìyá wa ń fún ọmọ lọ́mú fún ọdún méjì sí mẹ́ta, wọn kì í sì í sún mọ́ ọkọ ní gbogbo àsìkò náà. Ìtìjú ńlá ni kí obìnrin lóyún nígbà tí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì jáwọ́ nínú ọmú. Òrùka wà, ìgbàdí wà, tí wọ́n fi ń dènà oyún. Nítorí náà, ẹni tó bá wá sọ fún ìyá wa pé kó sinmi láàárín ọmọ méjì, ohun tó ti mọ̀ ló ń sọ fún un. Ohun tó ṣàjèjì sí i ni kí ó dúró pátápátá nígbà tí ara rẹ̀ ṣì lè bí. Àwọn nọ́ọ̀sì tó bá mọ ìyàtọ̀ yìí ni obìnrin máa ń padà wá bá.

Nígbà tí ọmọ mi obìnrin bímọ ní Leeds, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo lọ bá a wẹ ọmọ. Òun náà nọ́ọ̀sì ni, ọkọ rẹ̀ ń wa bọ́ọ̀sì. Bí ọkọ bá ń wọlé, ìyàwó ń jáde. Orí àtẹ̀gùn ni wọ́n ti ń gbé ọmọ fún ara wọn. Ó ti bí méjì, ó sì wù ú kó bí ẹ̀kẹta. "Mọ́mì, ta ló máa bá mi mú u?" Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ fún mi. Nílé wa, ojú mẹ́rin ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Ní Leeds, ojú mẹ́rin ló bí i, ojú mẹ́rin náà ló ń wò ó, oorun sì ń kun méjì níbẹ̀. Òyìnbó tó wà ní ojúlé kejì, olùkọ́ iléèwé, sọ ohun kan náà fún mi nígbà tó wá kí wa: ọmọ kan ló ní, ó fẹ́ òmíràn, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ń gbé ọmọ sí tí wọ́n bá ń lọ síbi iṣẹ́ ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó oṣù rẹ̀. Mo bi í ní ìbéèrè kẹrin mi. Ó ní mẹ́ta ni òun máa ń rò nígbà tí òun wà lọ́mọge.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, ọmọ márùn-ún sí mẹ́fà kò ṣàjèjì sí ìdílé láyé Ọbabìnrin Victoria. Ní 1880 ni òfin sọ iléèwé di dandan fún àwọn ọmọdé ibẹ̀, ó ku ọdún 75 kí ti Awólọ́wọ̀ tó dé, nígbà tó sì fi di àwọn ọdún 1930, ìpíndọ́gba wọn kò tó ọmọ méjì mọ́. Ó gòkè padà dé 2.93 ní 1964, ó tún wálẹ̀, kò sì tó 1.5 lónìí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó yẹ kí ó tó 2.1, kí àwọn ọmọ tí wọ́n ń bí tó lè rọ́pò àwọn òbí wọn láìka àwọn tó ń wọ̀lú.

Ọ̀rọ̀ Gúúsù Kòríà ló gba ọkàn mi jù nínú gbogbo ohun tí mo ti kà láti ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì. Ní 1960, obìnrin ibẹ̀ ń bí nǹkan bí ọmọ mẹ́fà, gẹ́gẹ́ bíi tiwa. Ní 1962 ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀ ètò ìfètò-sọ́mọ-bíbí, pósítà wọn sì dàbí tiwa. Ní àwọn ọdún 1970 ohun tí wọ́n kọ sí i ni pé ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin, ẹ bí méjì péré kí ẹ sì tọ́ wọn dáadáa. Ní àwọn ọdún 1980 wọ́n ní méjì gan-an ti pọ̀ jù. Ìgbà yẹn náà ni ìpíndọ́gba wọn sọ̀kalẹ̀ kọjá 2.1, kò sì dúró. Ní 2023 ó di 0.72, èyí tó kéré jù lọ láyé láàárín àwọn orílẹ̀-èdè ńlá. Ní 2024 ó gòkè díẹ̀ sí 0.75. Láti 2006 ni ìjọba wọn ti ń náwó rẹpẹtẹ kí obìnrin lè tún máa bímọ.

Ó jọ lójú àwọn aláṣẹ pé ẹ̀rọ omi ni obìnrin, tí wọ́n lè tì lónìí kí wọ́n sì ṣí lọ́la. Ohun tó ń dá obìnrin Kòríà dúró kò sí lórí pósítà. Owó ilé ní Seoul kọjá agbára tọkọtaya tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ayé. Ọmọ tó ti ti iléèwé dé gbọ́dọ̀ tún lọ sí ilé lẹ́sìnnì tí wọ́n ń pè ní hagwon títí di alẹ́, òbí ló sì ń sanwó rẹ̀, nítorí gbogbo ọmọ yòókù ló ń lọ. Ilé iṣẹ́ ń dá òṣìṣẹ́ dúró di òru, obìnrin tó bá bímọ sì lè rí i pé ipò tó yẹ kó kàn án ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Iṣẹ́ ilé ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ bó ti wà lọ́rùn ìyá rẹ̀ àgbà. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ kò tiẹ̀ ṣe ìgbéyàwó rárá, níbẹ̀ sì rèé, ọmọ tí wọ́n bí láìṣègbéyàwó kò wọ́pọ̀. Bí mo ṣe ń ka èyí ni mo ń rántí àwọn ìdílé ọ̀dọ́ ní Lẹ́kí àti ní Bódìjà tí ọmọ wọn ọdún mẹ́ta ti ń gba lẹ́sìnnì. Ọ̀nà náà kò jìnnà sí wa tó bí a ṣe rò.

Ní Bràsíl, ìjọba kò dárúkọ iye kankan fún obìnrin. Ìpíndọ́gba ibẹ̀ kọjá mẹ́fà ní 1960, ìkànìyàn ti 2022 sì bá a ní 1.55. Nǹkan mìíràn ló ṣe é: ìgboro, iléèwé, iṣẹ́ obìnrin, tẹlifísàn tó ń fi ìdílé kékeré hàn wọ́n lálaalẹ́.

Ìránì ni mo fẹ́ kí gbogbo nọ́ọ̀sì wa mọ̀ nípa rẹ̀. Nígbà tí ogun wọn pẹ̀lú Ìráàkì parí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò tuntun ní 1989. Abúlé kọ̀ọ̀kan tàbí abúlé mélòó kan ní ilé ìlera kékeré, òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní behvarz, ọmọ agbègbè náà gan-an ni. Òun ló ń gún ọmọ lábẹ́rẹ́, òun ló ń wọn ìwọ̀n ọmọ, òun ló ń tọ́jú aboyún, òun náà ló sì ń fún ìyá ní oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá tó bá rí i pé ọwọ́ tó gba ọmọ òun lọ́wọ́ ikú ló ń na oògùn yìí sí òun, kò sí ohun tí yóò fura sí. Àwọn ọmọbìnrin abúlé sì ń lọ sí iléèwé lásìkò kan náà. Láti ọmọ tó lé ní mẹ́fà ní àwọn ọdún 1980, wọ́n sọ̀kalẹ̀ dé nǹkan bí méjì ní ọdún 2000. Lẹ́yìn náà ni àwọn aláṣẹ wọn yí ohùn padà. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2021 dá oògùn ọ̀fẹ́ náà dúró ní ilé ìwòsàn ìjọba, wọ́n ní kí obìnrin bí sí i. Iye ọmọ kò padà sókè. Àwọn tálákà tí kò lówó oògùn ni òfin yẹn ń fìyà jẹ.

Ohun tí mo ń wí kò yọ àwọn tó ń wá ọmọ sílẹ̀. Lórí ìjókòó kan náà níwájú yàrá mi ni obìnrin tó fẹ́ dá a dúró àti obìnrin tó ti ń wá oyún láti ọdún méje ti máa ń jókòó ti ara wọn. Ọ̀kan ń bẹ mí pé kó tó, èkejì ń bẹ mí pé kó dé. A ní oògùn díẹ̀ fún ti àkọ́kọ́. Fún ti èkejì, àfi kí a kọ ìwé fún un lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, níbi tí àyẹ̀wò kan ṣoṣo lè gba gbogbo owó ọjà rẹ̀. Ó máa ń dùn mí pé kò sí ẹni tó ń ka tirẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa iye ọmọ Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ ìyàwó tí kò bí ní ilẹ̀ Yorùbá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láàárọ̀, ó ń gbọ́ ọ lálẹ́.

Láti 2011 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí jẹ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Oògùn náà lọ́fẹ̀ẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbọ̀wọ́, òwú, síríńjì àti oògùn apakòkòrò kì í sábà sí nínú rẹ̀, obìnrin ló ń rà á. Ìwádìí ti 2018 fi hàn pé nínú 100 obìnrin tó wà nílé ọkọ, 12 péré ló ń lo ọ̀nà ìgbàlódé. Apá kan nínú àwọn tó kù kò fẹ́ ẹ, ẹ̀tọ́ wọn ni. Apá kan fẹ́ ẹ, owó ìbọ̀wọ́ àti owó ọkọ̀ ló dá wọn padà. Láti 2025 tí Amẹ́ríkà ti dá owó ìrànwọ́ dúró, àwọn àbúrò mi tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ń sọ fún mi pé ẹ̀rù ń bà wọ́n nítorí ohun tó kù nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Àwa agbẹ̀bí mélòó kan tó ti fẹ̀yìn tì ti kọ lẹ́tà sí alága ìjọba ìbílẹ̀ wa. Ohun tí a béèrè kò pọ̀: kí wọ́n fi owó ìbọ̀wọ́, síríńjì àti owó àyẹ̀wò àkọ́kọ́ fún àwọn tó ń wá ọmọ sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún tó ń bọ̀.